Òkè Kan Ṣoṣo ní Ayétòrò

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tíṣà Kòfowórọlá. Ẹni tó bá sì ti gun Olúmọ rí máa ń rò pé gbogbo ìlú ló ní òkè tirẹ̀. Ọdún méjì ló fi kọ́ni ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, kí lẹ́tà tíránsífà tó dé. Ọ̀la ló ń lọ, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé òun máa ya fọ́tò gbogbo ìlú fún wọn, láìku ilé kan. Àwọn ọmọ ti nu ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́ lára ògiri.

Ibo ni yóò wá dúró sí? Ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ó gun táńkì omi, páànù àti aṣọ tí wọ́n sá ló rí yà. Ó gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn dí i lójú. Nígbà tó wá ń wo igi àgbọn tòkè tilẹ̀, Moríkẹ́ tó ń yan ẹja nítòsí ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó ẹja mi kúrò lábẹ́ ibẹ̀ ná." Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ fọwọ́ òfo dágbére fáwọn ọmọ?

Bàbá Jọọlá, apẹja tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ṣàánú rẹ̀. "Ọma mi, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Wọnú ọkọ̀, kó o jókòó."

Wọ́n já sójú òkun. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó mú àjẹ̀, ó wá ń tún ọkọ̀ tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Sùúrù tán lára Kòfowórọlá.

"Bàbá, kí lẹ ń wá? Oòrùn ń lọ o!"

"Ó dìgbà tí táńkì omi bá bo igi àgbọn yẹn lójú wa. Bí a ṣe ń mọ ibi tí a wà lórí omi nìyẹn. Àbí Olúmọ ló fẹ́ kọ́ mi ní tòkun?"

Táńkì bo àgbọn. Ìgbì ńlá kan rọra gbé wọn sókè, Kòfowórọlá gbé ojú sókè: Ayétòrò nìyẹn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó yà á. Ìgbì tún gbé wọn, ó tún un yà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé òun ò mọ̀wẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá! Kò ku ilé kan!"

Bàbá fi ìka tọ́ àwòrán náà, ilé dé ilé. "Ti Moríkẹ́ rèé. Ṣọ́ọ̀ṣì rèé. Ilé ìwé rèé. Tèmi nìkan ni mi ò rí."

"Háà! Ibo ni tiyín wà? Ẹ jẹ́ ká tún un yà."

"Abẹ́ wa níbí, òkun ti gbé e mì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá mi ni. Àwọ̀n mi ṣì máa ń há sára òpó rẹ̀. Ìwọ tó ń wá òrùlé gùn kiri láti àárọ̀, orí rẹ̀ lo wà."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú Kòfowórọlá. Òun tó ní láìku ilé kan! Ó da ojú kámẹ́rà kọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Bàbá yára fa àjẹ̀ rẹ̀ sókè. "Dúró ná, ọma mi. Má jẹ́ kí àjẹ̀ bo fèrèsé ìyá mi."