Orúkọ Méjì Lórí Fọ́ọ̀mù Kan

"Wọ́n tún ti dá a padà!" Darla ti kọ̀ǹpútà náà síwájú bí ẹni tó ń ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan.

Corey ọkọ rẹ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ife kan tó ti mọ́ tipẹ́. Kò wẹ̀yìn. "Bóyá nọ́ńbà kan lo tẹ̀ ṣì," ló sọ.

"Èmi kẹ̀? Nọ́ńbà tí mo mọ̀ ju ọjọ́ ìbí màmá mi lọ? Wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí kedere: ẹnì kan ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ kọ fọ́ọ̀mù owó orí ìjọba àpapọ̀ ránṣẹ́. Olè ti jí orúkọ ẹ lò nìyẹn. Olè, Corey! Ìwọ sì dúró síbẹ̀ yẹn, ife lò ń fọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n gbé ìbọn?"

"Kó o bínú! Kó o tiẹ̀ kàn bínú díẹ̀!"

Corey nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, tó wà ní gáréèjì ilé. Koríko wo ló ti hù ní Saginaw, ìlú òtútù tí wọ́n ń gbé, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin? Yìnyín ò tíì yọ́ tán lẹ́yìn ilé.

Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ra ni ṣíṣírò owó orí ti dà bí ọdún kékeré kan nínú ilé náà. Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù kejì, Corey á se ẹ̀wà pupa pẹ̀lú ẹran lílọ̀ àti ata, Darla á yan búrẹ́dì àgbàdo, wọ́n á sì jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Corey á máa ka iye tó wà nínú ìwé tí ibi iṣẹ́ wọn fi ránṣẹ́, Darla á máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á bú ìjọba, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jà lórí ohun tí àwọn máa fi owó tí ìjọba bá dá padà nínú owó orí wọn ṣe. Ibì kan ṣoṣo ni ẹ̀rín ti máa ń dákẹ́, ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè orúkọ àwọn ọmọ. Oyún ti bà jẹ́ lára Darla lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, Corey á dìde, á ní òun ń lọ bu kọfí, kò sì ní padà títí ìyàwó rẹ̀ á fi kọjá ibẹ̀. Darla gbà pé àánú òun ló ń ṣe é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Corey ò rójú se ẹ̀wà. Ọ̀fìnkìn mú un, lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fi gbèdéke sí ń sún mọ́lé, Darla jókòó, òun nìkan ló kọ fọ́ọ̀mù tí àwọn méjèèjì jọ máa ń kọ.

Lọ́jọ́ Sátidé ó gba ilé ìkàwé lọ. Níbẹ̀ ni Verna Stroup, ìyá àgbà kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ akápò ilé ìwé, ti ń bá àwọn aráàlú ṣírò owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Darla tán, ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ti bi ọkọ ẹ?"

"Mo ti sọ fún un, mà. Ó ní bóyá mo tẹ̀ ẹ́ ṣì ni."

"Mi ò béèrè bóyá o sọ fún un. Mo ní ṣé o bi í."

Ara Darla gbóná. "Corey kì í ṣe olè o, mà."

"Ta ló pè é lólè? Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti jókòó síwájú mi níbí, tí ọ̀kan ti lọ dá tiẹ̀ ṣe tí èkejì ò gbọ́. Kó o tó fi ẹjọ́ olè sùn, wo inú ilé ná. Tó bá jẹ́ pé òun ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ò tíì bà jẹ́. Ẹni tó bá ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀ ṣì láyè ọdún mẹ́ta láti padà wá pa á pọ̀ mọ́ ti ẹnì kejì ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa á pọ̀, tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí bá fi kọjá, ẹ ò lè yà á mọ́. Ohunkóhun tó bá wà lọ́rùn ẹnì kan nínú fọ́ọ̀mù náà ti di ti ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn."

Darla wakọ̀ lọ sílé, kò tan rédíò. Nígbà tó dé gáréèjì, Corey jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ẹ̀rọ koríko wà níwájú rẹ̀, kò sì tíì tú ohun kan lára rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́?"

Corey gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Kí wọ́n má bàa gba tìrẹ mọ́ tèmi." Ó ń fi ìka fá òróró gbígbẹ kúrò lára ẹ̀rọ náà. "Mo ní ọmọ kan ní Toledo, Darla. Ọmọbìnrin ni. Wọ́n ti bí i kí n tó mọ̀ ẹ́. Màmá ẹ̀ ní òun ò fẹ́ rí mi mọ́, mo bá gbà bẹ́ẹ̀, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Lọ́dún tó kọjá ló pè mí lẹ́jọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n máa mú owó orí tó bá yẹ kó padà sọ́wọ́ mi, kí wọ́n fi san ohun tí mi ò fi tọ́jú ọmọ. Tá a bá ṣe é pọ̀, tìrẹ á bá a lọ."

"Oore lo wá ń ṣe mí nìyẹn."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè owó?" Darla sún mọ́ ọn. "Gbogbo ọdún, Corey! Tá a bá ti dé ibi orúkọ ọmọ, wàá dìde, o ń lọ bu kọfí. Mo rò pé tèmi lò ń rò. Mo máa ń sunkún sínú nítorí pé o láàánú mi! Àṣé ọmọ tìrẹ lò ń sá fún."

Corey ò gbójú sókè. "Méjèèjì ni," ló sọ. "Mo máa ń ro méjèèjì."

Èyí dun Darla ju irọ́ lọ, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó yí padà, ó wọlé. Lóru ọjọ́ náà orí àga ìjókòó ni Corey sùn, kò sẹ́ni tó ní kó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì wọ́n ń kọjá ara wọn nínú ilé bí àlejò. Darla ò mọ̀ bóyá òun máa kó ẹrù òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Flint, tàbí òun máa dúró. Tó bá ti fẹ́ pinnu ọ̀kan, èkejì á tún fà á sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Tuesday, bó ṣe ṣíwọ́ ní ọ́fíìsì oníṣègùn eyín tó ti ń ṣiṣẹ́, ó padà sọ́dọ̀ Verna. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi kan pa mọ́. Ìyá náà ò ṣe háà, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

"Ká sọ ti owó nìkan," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá pa á pọ̀, fọ́ọ̀mù kan wà tó o fi lè béèrè ìpín tìrẹ padà, àǹfààní ẹ̀ á sì pọ̀ díẹ̀. Tó o bá dá ṣe, ohun tí wọ́n máa dá padà fún ẹ á kéré. Èwo ni ká ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́tọ̀, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ ní mo láyè ọdún mẹ́ta láti padà pa á pọ̀. Èyí tí kò ṣeé yà mọ́ yẹn, mi ò tíì lè ṣe é."

Verna mi orí pé ó dáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó dúró. "Bó o tiẹ̀ ń dá a ṣe, wọ́n ṣì ń béèrè orúkọ ọkọ ẹ níbí."

Darla wo àyè òfìfo náà. Ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Ó tẹ orúkọ náà, ó sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e láìwo ìwé kankan.

Nígbà tó délé, òórùn ẹ̀wà àti ata ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Corey dúró nídìí sítóòfù bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ẹgba. Búrẹ́dì àgbàdo tó yan ti jóná létí.

"Mo ti fi tèmi ránṣẹ́," Darla wí. "Lọ́tọ̀."

Corey mi orí pé òun gbọ́. Ó na ọwọ́ sí ife, ó yíjú sí ibi tí kọfí wà.

"Rárá," Darla sọ. Ó fa àga jáde, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. "Má lọ bu kọfí lónìí. Jókòó síbí. Kí lorúkọ ọmọ náà?"