Àyè Tó Wà Lápá Òsì Hobert

Ìka kẹta ti kú. Àní ó ti kú pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn gìtá, mi ò mọ̀ bóyá okùn ni mo tẹ̀ àbí afẹ́fẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn ta á lọ́sàn-án yìí — èmi tí mo ti jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti ń kọrin yìí fún wákàtí kan gbáko, bí olè tó ń ṣọ́ ilé?

Wọlé, Orbin. Wọlé… Ó dáa, mò ń wọlé. Jẹ́ kí wọ́n parí orin yìí ná.

Verlie, ìyàwó Hobert ẹ̀gbọ́n mi, ló pè mí. "A ó sin Hobert lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní Sátidé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á kọrin, a ó jẹ ẹ̀wà. Tó o bá wá, o wá. Tó ò bá wá, ẹ̀wà ò ní í torí ẹ jóná." Ẹnu Verlie, ẹnu abẹ! Mi ò dé ibi ìsìnkú. Ojú ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ wí fún pósí?

Máìkì kan ṣoṣo làwa mẹ́rin máa ń yí ká nígbà yẹn. Búlúgíráàsì nìyẹn, orin olókùn àwọn ará òkè wa: ẹni tó kàn á sún mọ́ ọn, á ta tirẹ̀, á yẹra. Hobert pẹ̀lú mandolíìnì, ohun olókùn kékeré bíi gìtá, èmi pẹ̀lú gìtá lápá òsì ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi? Jàn-jàn, jàn-jàn, kí orin má bàa sáré. "Gìtá ni pákó ilẹ̀," Hobert ló ń wí bẹ́ẹ̀. "Ta ló ń wo pákó ilẹ̀? Yọ ọ́ kúrò, ká wo ibi tó o máa dúró sí." Inú bí mi. Ọmọ ọdún méjìlélógún, ta ló fẹ́ jẹ́ pákó? Sátidé irú òní ni mo gbé gìtá màmá wa, mo sá lọ. Wọ́n wà lórí ìtàgé, wọ́n ń retí mi. Wọ́n ní ohun tí Hobert sọ fún àwọn èrò ò ju "Àbúrò mi ń bọ̀" lọ.

Nashville, ìlú àwọn olórin, ni mo sá lọ. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn olórin kọ́ńtìrì kan tó ń dé fìlà ràgàjì, tí kò mọ orúkọ mi. "Kentucky" ló ń pè mí, orúkọ ìpínlẹ̀ tí mo ti wá. Lẹ́yìn náà, mo bọ́ sínú orin rọ́ọ̀kì — irun dé èjìká, ariwo tó di etí mi kan pa. Ẹgbẹ́ kan tú, mo wọ òmíràn. Òmíràn tú… Mélòó ni mo tiẹ̀ wọ̀? Gbogbo wọn ló rí ẹlòmíì fi rọ́pò mi kílẹ̀ tó mọ́.

Hobert ò kúrò nínú kòtò èédú. Eruku ẹ̀ ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pè é. "Ṣé ò ń jẹun?" ló bi mí. Mo ní, mò ń jẹun, Bọ̀ọ̀dá. Ó ní, "Ó dáa." Èmi rò pé ó ti ta mí nù ni.

Orin yìí ń sáré o. Kí ló dé tó ń… kò sí gìtá. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Tressie ọmọ Hobert ló gbé mandolíìnì bàbá ẹ̀ dání. Oníbáńjò sún mọ́ máìkì, ó ta tirẹ̀, ó fẹ́ padà — kí ló ń yí gba ẹ̀yìn lọ fún? Àyè wà níbẹ̀. Lápá òsì Tressie. Àyè ẹnì kan. Onígòjé náà yẹra fún un. Kò sẹ́ni tó tẹ ibẹ̀.

Ní orí òkè yìí? Níbi tó jẹ́ pé tá a bá mi igi kan, onígìtá mẹ́ta á já bọ́? Hobert ò rí ẹni mú?

Kò mú ẹnikẹ́ni ni.

Áà. Ọdún méjìlélógójì tí mo ti sá lọ. Àbúrò mi ń bọ̀ — kò dẹ́kun àtimáa sọ ọ́. Sátidé kan ni. Sátidé kan péré nínú gbogbo ẹ̀, kí n wá dúró síbẹ̀… Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Orin ti parí. Wọ́n tún ti mú òmíràn, ó tún ń sáré. Ọwọ́ mi wà lára ìlẹ̀kùn mọ́tò, mi ò tíì ṣí i. Ọwọ́ kejì ti ń ta á lórí itan: jàn-jàn, jàn-jàn.

Mò ń jẹun, Bọ̀ọ̀dá. Mo jẹ káàkiri. Mi ò yó rí.