Ẹ̀kọ́ Ojú Dídì

"Ẹ wo ètè ọmọ mi bó ṣe wú bí ẹni tí oyin ta! Ta ló ní kí wọ́n fi aṣọ di ọmọ ọlọ́mọ lójú nílé ìwé?"

Ìyá ọmọ náà kò jókòó sórí àga tí wọ́n fún un. Ó dúró gbagidi láàárín ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi àtàǹpàkò ra ṣọ́ọ̀kì tó kù níka rẹ̀.

"Èmi ni, mà," ni ó wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe ń rí fún ọmọbìnrin tí kò ríran tó dé sáàárín wa."

"Wọ́n mà ti mọ̀ ọ́n o! Afọ́jú wá ń fọ̀nà han ẹni tí ẹ dì lójú. Òun ló fà á lọ kọlu bẹ́ǹṣì!"

"Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀." Ọ̀gá àgbà ti bírò àti ìwé kan síwájú olùkọ́. "Àǹtí, o mọ̀ pé a ṣì ń wò ọ́ ni, a ò tíì gbà ọ́ tán. Kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yẹn dìde láì gbàṣẹ, ó sì fa ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Lónìí náà ni màá ní kí bàbá rẹ̀ wá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn."

Olùkọ́ mú bírò.

Láàárọ̀, nígbà tí ó di àwọn ọmọ lójú tán, ọmọkùnrin tí ètè rẹ̀ wú yìí ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún pé òun ò rí ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí kò ríran náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó, ló dìde. "Ọkọ mi, di apá mi mú," ni ó wí. "Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló kù ká dé ilẹ̀kùn." Ó ń rìn bí ẹni tó wà ní yàrá ìyá rẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ karùn-ún, gbì!

Bẹ́ǹṣì kì í sí níbẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ kí ààyè lè gbà wọ́n. Nígbà tí bàbá ọmọbìnrin náà, tó ń rán bàtà, mú un wá, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: "Àǹtí, ẹ má ṣí nǹkan nípò láì sọ fún un. Ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ilé."

"Kí lò ń dúró dè?" ni ọ̀gá àgbà bi í.

"Mà, mi ò lè kọ ọ́. Èmi ni mo ṣí bẹ́ǹṣì, mi ò sì sọ fún un. Ẹ̀bi mi ni."

Ọmọkùnrin náà fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Màámi, òun nìkan ni kò fi mí rẹ́rìn-ín."

"Pa ẹnu dé," ni ìyá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó wo olùkọ́. "Òun náà ńkọ́? Ṣé kò fara pa?"

Olùkọ́ kò tíì bi ọmọbìnrin náà léèrè.

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀bi tó o fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ yẹn ni kó o kọ. Kí ọmọbìnrin yẹn dúró. Tìẹ ni màá fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó o fara mọ́ ọn."

Olùkọ́ kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú.

Nínú kíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọbìnrin náà láti orúnkún. Olùkọ́ kúnlẹ̀, ó ń fi omi nù ún.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n jókòó, pé ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe tèmi."

Ọwọ́ olùkọ́ dúró. "Dárí jì mí. Báwo ni ǹ bá ti kọ́ wọn?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Ẹ má dì wọ́n lójú mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò mí, kí wọ́n máa bi mí."

Olùkọ́ fà á lọ́wọ́ dé iwájú pátákó, ó sọ ibi tí gbogbo nǹkan wà fún un, ó sì padà lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ.