Wọ́n Ní Ẹnu Eréndira Ló Lé E

Èmi ni kí n tọrọ àforíjì? Lọ́jọ́ Àìkú? Lójú ìyá mi tó pe àwa méjèèjì wá jẹun nílé wọn, lọ́wọ́ Fermín, ọkọ mi tó fi mí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá... Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ná. Àlejò mẹ́fà tó wá kọ́ èdè Sípáníìṣì ní Morelia níbí.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí wọ́n wo fọ́tò kan, kí wọ́n méfò ohun tó ti ṣẹlẹ̀: ó ní láti jẹ́ pé báyìí ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tọ̀hún. Fọ́tò wo ni mo sì mú fún wọn? Tábìlì ilé ìdáná mi, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Fermín lọ. Mo ní ọkọ àti ìyàwó ló jókòó síbẹ̀, ọkọ lápá ọ̀tún, ọkọ sì ti jáde. Mo yà á fi ránṣẹ́ sí Màmá lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè rí ohun tójú mi rí. Èsì wọn ńkọ́? "Ìwọ Eréndira yìí, ó ní láti jẹ́ pé ẹnu rẹ ló lé e. Àbí mi ò mọ̀ ọ́ ni!"

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Bóyá torí mo ní kó pa tẹlifíṣọ̀n. Bóyá torí ìyá rẹ̀ tí mo... Ó ti sú mi! Màmá ń méfò, àwọn ará àdúgbò ń méfò, èmi náà ń bá wọn dá ara mi lẹ́bi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé, "Ó ṣeé ṣe kí fóònù ti dún." Ó dáa. Òmíràn ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ilẹ̀ mì, wọ́n sì sá jáde." Ẹ gbà mí! Ó ku ti Baba Tanabe, ará Japan tó fi ogójì ọdún ṣe panápaná:

"Kò lè jẹ́ pé ìjà ló lé ọkùnrin náà. Ó jẹ pozole rẹ̀, ọbẹ̀ àgbàdo ẹlẹ́ran yẹn, tán, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Obìnrin ni kò rí tirẹ̀ jẹ."

Dúró ná... Abọ́ Fermín mọ́ tónítóní. Temi kún, ọ̀rá ti dì lójú ẹ̀. Ta ni inú ń bí tó ń — ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì! Èmi ni mo bù ú fún un! Ó ní, "Fi ẹran sí i." Ó ti mọ̀ kó tó jókòó pé òun ń lọ. Ó kàn fẹ́ yó kó tó lọ ni.

Àbí èmi náà tún ń méfò? Rárá. Ọwọ́ mi yìí ló di síbí náà mú. Inú ń bí mi, ara sì tù mí, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Màmá, ẹ fún un lóúnjẹ tó bá dé. Mi ò ní wá. Mi ò lé ẹnikẹ́ni.