Orúkọ Tí Olè Kò Mọ̀

Ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ìdí wọ ọgbà tí wọ́n kó iṣu jọ sí ní Ìtàjí. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní Yẹ́misí ló rán òun. Bùkúnmi wò ó látòkèdélẹ̀. Kò rí i rí.

Yẹ́misí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Bùkúnmi, ló ni òwò náà. Ó ń gba iṣu láwìn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu dé Ìfàkì, ó ń kó o lọ sí Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọ́fíìsì kankan. Orí ọ̀kadà ni wọ́n wà látàárọ̀ dalẹ́, inú gúrúùpù Wásáàpù kan ṣoṣo sì ni gbogbo àṣẹ ti ń wá. Bí iṣu yìí bá sọnù, òógùn àwọn àgbẹ̀ Ìtàjí ti ṣòfò nìyẹn, ojú wo ni Bùkúnmi yóò sì fi wò wọ́n?

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Yẹ́misí ni, àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀: "Bùkúnmi, jẹ́ kí wọ́n kó iṣu yẹn. Mo wà ní ìpàdé, má pè mí."

Ara fu Bùkúnmi. Ó pe Yẹ́misí, kò wọlé.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan uṣu yìí!" ló wí.

Adéoyè, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, lanu. "Ọ̀gá mà ti sọ̀rọ̀."

"Búọ̀dá, ọ̀gá kọ́. Wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé e wọ ulé wa. Ọmọ ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Kò pè mí lórúkọ rí. Eyínafẹ́ ló ń pè mí. Ọjọ́ tí mo fi mọ́tò rẹ̀ kọ lu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, Eyínafẹ́ náà ló fi bú mi!"

Adéoyè rẹ́rìn-ín. Bùkúnmi ò bá a rín in. Ó tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà: "Kí lẹ máa ń pè mí nílé?"

Èsì dé: "Ṣé Bùkúnmi kọ́ lorúkọ rẹ ni? Alárífín! Mo ti lé ọ níṣẹ́." Lójú ẹsẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù.

Ẹ̀rín kú mọ́ Adéoyè lẹ́nu. Bùkúnmi gun orí òkìtì iṣu, ó jókòó. "Ẹni tó bá máa kó o, kó kọ́kọ́ gbé mi!" Adéoyè lọ jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ tó kù pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù. Awakọ̀ pe ẹni tó rán an títí, kò gbé e. Ó pòṣé, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Yẹ́misí fi fóònù ẹlòmíràn pè. Ẹnì kan ló ní òun fẹ́ fi í kún ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ọmọ Ìkọ̀lé, ó ní kó ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun, ó sì kà á. Bí wọ́n ṣe gba Wásáàpù rẹ̀ nìyẹn, fóònù sì tún kú sí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Èkó.

"Eyínafẹ́ mi, iṣu ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú Bùkúnmi. "Mo jókòó lé e. Olè yẹn ní òun ti lé mi níṣẹ́."

"Ta ni bàbá rẹ̀ tí yóò fi lé ọmọ ọkọ mi?"

Bùkúnmi nu ojú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí olè náà: "Ìwọ tó wà nínú Wásáàpù ìyàwó wa, orúkọ tó ń pè mí, o ò ní í gbọ́ ọ láéláé. Uṣu ń bẹ ní Ìtàjí. Wá gbé e!"