Ìbọn fún Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó

"Ẹ gbé e, bàbá. Kì í ṣe ọmọ ìkókó, kò ní sunkún."

Wade tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ìbọn dúdú kan sún mọ́ Emil Hruska lórí tábìlì. Emil kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹṣin tó fẹ́ rà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Láti kékeré ló ti ń fi ìbọn bàbá rẹ̀ ṣọ́ oko wọn ní Texas, ṣùgbọ́n ìbọn yẹn, téèyàn bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, àfi kó tún fọwọ́ fà á kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó fà á tán, ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan ti ṣubú, ogún ti wọgbó.

"Èyí ló ń kì ara rẹ̀?" ó béèrè.

"Òun ni. Ẹ ṣáà máa yìn ín, kò ní dá yín dúró."

"Bíi ti ṣọ́jà?" Vlasta, ìyàwó Emil, béèrè láti orí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

"Rárá o, ìyá. Ti ṣọ́jà lè máa rọ̀jò ọta. Eléyìí, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fà á, ọta kan." Wade gbé òmíràn wá, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ti kékeré yẹn kò ní dun èjìká yín, ṣùgbọ́n akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sanra lè gbé ọta rẹ̀ sá lọ. Èyí máa dá a dúró síbi tó wà. Àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń tani nípàá."

"Ṣé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà pọ̀?" Wade béèrè.

"Ta ló kà wọ́n?" Emil dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì la gbin àgbàdo lọ́dún yìí. Wọ́n á tọ poro, wọ́n á máa hú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, kò sí irúgbìn kan nínú ilẹ̀."

"Ẹ ò dẹ pàkúté? Ọgbà irin ńlá yẹn, èyí tó ń kó gbogbo agbo lẹ́ẹ̀kan?"

Vlasta ló fèsì. "Inú igbó aládùúgbò wa ni wọ́n ń sùn. Ìlú ńlá lòun fúnra rẹ̀ ń gbé, àwọn ọdẹ ló ń sanwó fún un kí wọ́n lè wá yìnbọn níbẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ dẹ pàkúté sí ẹ̀bá ilẹ̀ òun, ká má baà kó ẹlẹ́dẹ̀ òun tán. Nígbà tí mo ní kó wá wo ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ṣe fún wa, ó ní kò sẹ́ni tó ni ẹran igbó."

Wade rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló wà lẹ́yìn oko yín?"

"Ilé," ni Emil wí. "Wọ́n kọ́ wọn ní èṣín. Ọmọdé pọ̀ níbẹ̀."

"Òdìkejì ńkọ́?"

"Títì."

Wade fi ìka ra imú. "Bàbá, ọta eléyìí máa ń rìn jìnnà. Ẹ ní láti mọ ibi tó ń lọ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ ibi tí ọta ń lọ kí wọ́n tó bí ọ."

"Òótọ́ ni, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ yìn ín wò lẹ́yìnkùlé."

Lẹ́yìnkùlé, wọ́n kó òkìtì erùpẹ̀ jọ ga ju ilé lọ, wọ́n sì lẹ bébà tí wọ́n ya àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ sí mọ́ iwájú rẹ̀. Emil gbé ìbọn ńlá náà lé èjìká. Ó yìn ín. Ọta àkọ́kọ́ bá ẹlẹ́dẹ̀ náà ní ọrùn gan-an.

"Háà!" Wade kígbe.

Emil tún yìn ín, ó tún yìn ín, ó tún yìn ín, ó tún yìn ín. Ìbọn náà kò dá a dúró. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Láti ìgbà ìkórè èṣín ni ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n, ó sì rò pé òun nìkan ló mọ̀.

Ihò méjì péré ló wà lára bébà náà. Wade wo òkè òkìtì erùpẹ̀, ó wo ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀.

"Mẹ́ta tó kù dà?" Emil béèrè.

Vlasta wá, ó di ọwọ́ òsì náà mú, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe ìbọn yìí," Emil wí. "Bóyá ti kékeré yẹn."

"Emil."

"Kò wúwo tó eléyìí."

"Emil, ilé wà lẹ́yìn oko."

Ó gbé ìbọn náà lé Wade lọ́wọ́. "Fi pa mọ́," ó wí, bí ẹni pé yóò padà wá.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Láti àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ara rẹ̀ yá. Vlasta gbà á, ó sì wakọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí wọ́n ṣe yà sẹ́bàá oko, wọ́n rí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ọ̀sán gangan ni. Abo ńlá kan wà láàárín poro pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án, wọ́n ń hú ilẹ̀. Vlasta dúró. Emil na ọwọ́, ó tẹ fèrè ọkọ̀, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ náà gbé orí sókè. Ó wò wọ́n fúngbà díẹ̀, ó wá tẹ imú rẹ̀ padà sínú ilẹ̀.

"Ṣé kí n bọ́ọ́lẹ̀ lọ lé wọn?" Vlasta béèrè.

"Rárá." Emil ń wo àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ìyá wọn lójú poro tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ. "Bó bá dọ̀la, pe ilé tí a ti ń ra irúgbìn. Sọ fún wọn kí wọ́n má gbé irúgbìn tiwa wá mọ́."