Rónkẹ́ Kúnlẹ̀ Níwájú Àwọ̀n

Rónkẹ́, àbúrò mi, jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá tí mo lá fún ọ kí n tó gbàgbé. O wọ aṣọ Nàìjíríà, ẹ ń gbá họ́kì, bọ́ọ̀lù tí ẹ máa ń fi igi gbá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa àtijọ́ sì ni ojú àwọ̀n yín. Gbogbo òyìnbó tí o ti bá gbá rí jókòó sórí odi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Aṣọ́lé yín ti lọ pọnmi, ìwọ nìkan ló kù lẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé báyìí, ife ti lọ nìyẹn.

Àfi bí Màámi tí a ti sin ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, wọ́n ró ìró, wọ́n ń sáré bí ọmọge. Ẹyin adìẹ ni bọ́ọ̀lù náà, wọ́n ń fi igi gbá a, kò fọ́.

Mo pariwo, "Rónkẹ́, má kúnlẹ̀ o! Tó bá parí ni kí o kí wọn!"

O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa kí Màámi lórí ìdúró ni?"

O kúnlẹ̀, o tẹ́ igi rẹ gbọọrọ sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà." Ẹyin náà yí wá, ó kan igi, ó dúró.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Olóríburúkú ọmọ! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni nìyẹn?"

Wọ́n na ọwọ́ láti fà ọ́ dìde, mo sì jí.